Orúkọ Tí Ìyá Elépo Gbàgbé sí Montelúnà

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù wa gun òkè náà béèrè bóyá a ti jẹun. Mo ní a ti jẹ. Ìyá Elépo ní a ò tíì jẹ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà mi orí, ó ní òun ti gbọ́ èsì méjèèjì, kí a máa bọ̀.

Ìyá Elépo ni ìyá tó bí ìyá mi. Epo pupa ni wọ́n ń ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé títí ọwọ́ wọn fi pọ́n bí ẹyìn, wọ́n sì ti kú kí n tó bí Bọ́látitó ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n ń rìn lọ́jọ́ náà, wọ́n ń bó ẹ̀pà sísè, wọ́n ń da èèpo rẹ̀ sínú àpò mi. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàtà wọn mọ́ tónítóní.

Ìlú tí à ń lọ wà lókè wa, ní ilẹ̀ Sípéènì. Montelúnà ni orúkọ rẹ̀. Ẹfun ni wọ́n fi kun gbogbo ilé ibẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, débi pé láti òkèèrè, ìlú náà dà bí aṣọ tí ẹnì kan sá sórí àpáta tó sì gbàgbé láti ká. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà láàrin rẹ̀. Ẹyẹ àkọ̀ méjì dúró lórí ilé agogo, oòrùn sì jókòó sáàrin wọn, ó ń sinmi.

"Ibẹ̀ ni orúkọ ọmọ yẹn wà," Ìyá Elépo wí. Ẹnu ni wọ́n fi tọ́ka sí ìlú náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe láyé nígbà tí epo bá kún ọwọ́ wọn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Bọ́látitó bí ọmọbìnrin, ọjọ́ náà gan-an ló sì pé ọjọ́ kẹjọ. Ìyá Elépo ni ọ̀run fi orúkọ ọmọ náà rán. Ọ̀run pọ́n ọn sínú ewé fún wọn, ó ní wọn kò gbọdọ̀ tú u. Òǹgbẹ gbẹ wọ́n lọ́nà, wọ́n yà sí Montelúnà láti mu omi níbi ìsun kan láàrin ìlú, wọ́n sì gbé orúkọ náà ka etí ìsun. Wọ́n mu omi tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ó di iwájú ilé wa kí wọ́n tó mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ṣófo.

"Ẹ ò wá mọ ohun tí ọmọ ń jẹ́ rárá?" mo béèrè.

"Èmi kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù, Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró ni oríkì mi. Látìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi pè mí, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn eré. Bí oòrùn bá kúrò lórí ilé agogo yẹn tó sì wọ̀ kí a tó rí orúkọ náà, Ìwọ ni ọmọ yóò máa jẹ́ títí ayé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní "Ìwọ" lójú títì, yóò dá a lóhùn, yóò sì tẹ̀ lé e lọ. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọmọ tí kò ní ìjánu, gbogbo ayé ni yóò máa fà á.

Mo gbàdúrà sínú pé kí Olúwa dá oòrùn dúró fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ̀ náà na ìyẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ oòrùn lọ́rùn bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóde. Mo mọ̀ pé àdúrà ti gbà, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tí a fi kọ́ni lọ́rùn kì í pẹ́ kó tó wúwo.

A wọ ìlú. Mo sọ àpótí aṣọ mi kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo ń fà á; ó ní táyà lẹ́sẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì tò sójú ọ̀nà. Lórí òkúta kọ̀ọ̀kan ni àpótí náà ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́." Ìyá Elépo gbé e pọ̀n, àpótí náà sì sùn lọ.

Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró. Ilé ọ̀tún lè sọ̀rọ̀ sí ilé òsì létí, àwọn kan sì ń sọ ọ́. Ìkòkò òdòdó ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, òdòdó náà ń yọjú wò wá, wọ́n ń sín. Obìnrin kan dúró lórí àkàsọ̀, ó ń kun ẹfun sára ilé rẹ̀, ilé náà sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì ń rìn ín níhàá. Obìnrin náà yíjú, ó rí Ìyá Elépo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ̀rọ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dún létí wa:

"Ọ̀la. Ṣé yóò rà?"

Èmi àti Ìyá Elépo wo ara wa.

"Kí ni wọ́n fẹ́ tà fún wa lọ́la?" mo béèrè.

"Kí ni ìbá tún jẹ́? Orúkọ yẹn ni. Ẹni tó rí i he ti gbé e sọ́jà, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ tà á."

"Ọ̀la ti pẹ́ jù, Ìyá."

"Pa ẹnu mọ́. Má dáhùn, má tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà kì í jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé ó wu òun. Le ojú rẹ, ká máa rìn bí ẹni tí kò sí ohun tó ń wá."

Mo le ojú mi. Mo mọ̀ ọ́n le dáadáa, ọwọ́ wọn náà ni mo ti kọ́ ọ. A kọjá lára obìnrin ẹlẹ́fun bí ẹni kọjá lára òpó.

Ọkùnrin kan jáde, ó gbé búrẹ́dì tó gùn bí igi ìdáná sábẹ́ abíyá. Ó ní, "Ọ̀la. Ṣé yóò rà?" A kọjá. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà méjì yọ láti ìkóríta, aṣọ wọn ń fọn fèrè jẹ́jẹ́ bí wọ́n ti ń rìn. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. A kọjá. Ọkùnrin tó jókòó sórí ẹṣin ṣí fìlà rẹ̀, ó sọ ọ́. Ẹṣin náà ṣí fìlà tirẹ̀, ó sọ ọ́. A kọjá àwọn méjèèjì.

"Ẹ ò rí ìlú," Ìyá Elépo ń kùn. "Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ tà, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín. Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n."

A dé ilé àlejò. Onílé náà wí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù, a le ojú mọ́ òun náà. Síbẹ̀ ó tẹrí ba, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ibùsùn wà nínú yàrá náà nígbà tí mo ṣí i. Nígbà tí mo gbé àpótí kalẹ̀, ìdí ààrò Ìyá Elépo ní Ìmẹ̀sí ló wà níbẹ̀, èéfín ń jáde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti fẹ́ iná, àga ìjọsìn ni mo bá ara mi lórí rẹ̀, orin ń lọ. Ìyá Elépo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dúró.

"Kí yàrá yìí mú ọ̀kan," wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Yàrá náà ronú díẹ̀, ó sì di àga kan ṣoṣo. A pín in jókòó, lẹ́yìn náà a jáde lọ wá ìsun.

Ìsun náà wà ní gbàgede níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu kìnnìún tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ni omi ti ń jáde. Bí kìnnìún ti rí wa, ó pa ẹnu dé. Omi dúró. Ewé tí ọ̀run fi pọ́n orúkọ náà wà létí ìsun lóòótọ́, ó ṣì tutù, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá Elépo yí i sódì, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà náà ni ilé tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún yí ẹ̀yìn sí wa. Èkejì yí ẹ̀yìn. Gbogbo ilé ìlú náà yí ẹ̀yìn sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi jẹ́ ògiri funfun nìkan ló kù, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé. Wọn kò pariwo mọ́ wa. Ìlú náà kàn rọra ń gbá wa lọ, bí ẹni ń gbá omi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí a fi bá ara wa lẹ́yìn odi.

Igi ólífì ló wà níbẹ̀, títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Agbo àgùntàn kan ń kọjá, òkè kékeré kan wà láàrin wọn tó ń jẹ koríko. Àwa méjèèjì ti gbọ́ orúkọ igi ólífì láti kékeré nínú àdúrà, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé ó ń hù nílẹ̀. A rò pé inú Bíbélì ló ń gbé.

Ìyá Elépo já èso kan, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n wo ohun tó jáde sí wọn lọ́wọ́, wọ́n fi pa ẹ̀yìn ọwọ́. Mo rí i tí ojú wọn yí padà. Wọ́n fi ọwọ́ kan ara igi náà bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀ ní ìlú òkèèrè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í:

Àbúrò ọ̀pẹ tó lọ tẹ̀dó sílùú òtútù,
ọ̀pẹ ga, ó ń wojú ọ̀run,
ìwọ lóṣòó, ò ń wojú ọmọ aráyé.
Wúruwùru lára, dídán nínú,
arúgbó tó ní kókó lórúnkún tí kò kọ ijó.
Wọ́n gbé òkúta lé ọ lórí, o ò sunkún,
epo lo fi dá òkúta lóhùn.
Afàtùpà-dúró-de-àlejò,
mo kí ọ, n kò kí ọ tán.

Àwọn igi náà súnmọ́ wa lẹ́sẹẹsẹ láti gbọ́ dáadáa. Èyí tí wọ́n kì tẹ ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí ìyá jókòó.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gàárì fi yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Ìyá Elépo béèrè.

"Ẹ kí igi," ó wí. "Ẹ ò kí ènìyàn."

"Ta ni a ò kí?"

"Gbogbo ìlú. Ìkíni ni wọ́n ń kí yín láti àárọ̀. Kò sí ọ̀la nínú rẹ̀, kò sí ríra, kò sí títà. Ọ̀rọ̀ wọn èkíní, a kí yín ni. Èkejì, ìyá ni. 'A kí yín, ìyá,' lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, ẹ sì ń le ojú mọ́ wọn bí ẹni tó wá gba ilẹ̀ baba rẹ̀."

"Báwo ni ìwọ ṣe gbọ́ èdè tiwọn, tí o tún gbọ́ tiwa?" mo béèrè.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mí. Kò sí èdè tí wọn ò tíì fi nà mí."

Ìyá Elépo tú gèlè wọn, wọ́n gbé e lé itan.

"Àwẹ̀ró," wọ́n wí, "àwa náà? Àwa tí à ń kí ẹni tó jókòó, tí à ń kí ẹni tó dúró. Òjò rọ̀, a kíra. Òjò ò rọ̀, a kíra. Àwa tí à ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun. Àwa la la àárín ìlú kọjá tí a ò dáhùn?"

Mo rò pé ẹkún ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ló tẹ̀ lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín náà yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ láàrin igi ólífì, ó sì kọ lu ohun kan tó ń gòkè bọ̀.

Ilé wa ni. Ilé wa ní Ìmẹ̀sí, alámọ̀, tó ní páànù dídípẹtà. Ó ń bọ̀ láàrin igi, ó fi ọwọ́ kan ká ìloro rẹ̀ sókè bí obìnrin tí kò fẹ́ kí eruku ba ìró rẹ̀ jẹ́, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ilé náà wí. "Mo dúró, mo dúró, ẹ ò wá wò mí. Mo ní ó kúkú yá, kí n wá, kí ẹ wò mí."

A wò ó. A kí i kú ọ̀nà, a kí i kú òkè gígùn. Bọ́látitó jókòó sínú yàrá àlejò ilé náà, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Irun rẹ̀ kò tíì jẹ́ dídì, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Màámi, ṣé ẹ ti rí i?" ó béèrè. "Ọkùnrin kan kọjá lójú ọ̀nà, ó ń pe ajá rẹ̀. Ó ní, 'Ìwọ, máa bọ̀.' Ọmọ yìí yí orí sí i."

Mo gbójú sókè wo ilé agogo. Oòrùn ti sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Ìyá Elépo wé gèlè wọn padà. Wọ́n ní kò sí orúkọ kankan tí àwọn lè béèrè lọ́wọ́ ìlú tí àwọn kò dá lóhùn. Kí a kọ́kọ́ lọ dáhùn, kí ohun tó bá kù kù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ síwájú, àwa tẹ̀ lé e, ilé wa tẹ̀ lé wa.

A dé iwájú ògiri àkọ́kọ́. Ìyá Elépo, àgbà tó ti kú, kúnlẹ̀ sórí òkúta.

"Ẹ kú ilé o," wọ́n wí. Ògiri kò ṣí. "Ẹ kú ẹfun kíkùn. Ẹ kú orí àkàsọ̀. Ẹ kú òkè. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ojú wa tó le lẹ́ẹ̀kan, a ò mọ̀ ni."

Ilẹ̀kùn kan yọ lára ògiri bí eyín ọmọdé. Ọwọ́ idẹ kan wà lára rẹ̀, irú èyí tí àlejò fi ń kànkùn ní ìlú wọn. Ìyá Elépo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ idẹ náà di tiwọn mú, ó gbọ̀n ọ́n, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Obìnrin ẹlẹ́fun jáde, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ti àkọ́kọ́, ó tún sọ ohun tó sọ.

"A dúpẹ́, ọmọ mi," Ìyá Elépo dáhùn. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ilé ńkọ́? Àwọn tó wà lẹ́yìn ilé ńkọ́?"

Báyìí ni a ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. A kí oníbúrẹ́dì kú iná. A kí àwọn sísítà kú àdúrà. A kí ọkùnrin orí ẹṣin kú ìjókòó, a kí ẹṣin kú ìdúró. A kí àwọn òdòdó kú sísín, a ní yóò san wọ́n. Ilẹ̀kùn ń yọ, fèrèsé ń là, ọwọ́ idẹ ń gbọ̀n wá lọ́wọ́. Ilé wa ń bọ̀ lẹ́yìn, òun náà ń kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí ilé funfun kan béèrè ohun tó fi para tó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú lókè báyẹn. Ilé wa ní ìpẹtà ni, pé kì í mú ẹni tí kò bá ní sùúrù. Ilé funfun náà ní òun náà yóò fẹ́ díẹ̀.

Ohùn mi dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti gbàgbé pé ìkíni dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa dé gbàgede, Ìyá Elépo ti kí gbogbo ìlú tán, ohùn wọn sì ti há. Oòrùn ti sọ ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀, ó dúró lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ibi tí yóò gbà sọ̀ kalẹ̀. Bọ́látitó di ọmọ mú gírígírí, nítorí pé ẹnì kan ní òpin gbàgede ń pe ológbò.

Tọkọtaya arúgbó kan jókòó sídìí ìsun. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi wọ́n hàn wá: Bàbá Eméterio àti Ìyá Kasílda aya rẹ̀. Ẹyẹ kéékèèké ń gbé inú irùngbọ̀n Bàbá Eméterio, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà fò. Ó kí Ìyá Elépo. Ìyá Elépo la ẹnu láti dáhùn, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ètè wọn ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Bàbá Eméterio wò wọ́n, ó yíjú sí aya rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Báyìí ló ṣe dún létí wa:

"Délé. Á wá."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ohun tí bàbá náà sọ ni pé kí aya òun fún àlejò lómi. Ìyá Kasílda dìde, kìnnìún la ẹnu, omi bẹ̀rẹ̀ sí dà. Ó bu omi sínú orù amọ̀, ó gbé e fún Ìyá Elépo. Wọ́n mu ún. Wọ́n di ojú, omi náà wà lẹ́nu wọn, wọn kò tíì gbé e mì, wọ́n sì gbé ìka kan sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e mì.

"Àwẹ̀ró, kí ni wọ́n ti ń sọ sí wa láti àárọ̀?"

"Ọ̀la."

"Àwa la gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Gbé e sókè."

"Ọlá."

"Kí ni bàbá yìí sọ?"

"Délé."

"Pè wọ́n pọ̀."

Mo pè wọ́n pọ̀. Omi ìsun dúró lójú afẹ́fẹ́, ó ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá yé wa. Orúkọ náà ti yòrò sínú omi láti inú ewé, gbogbo ìlú sì ti mu nínú rẹ̀. Iwájú rẹ̀ bọ́ sí gbogbo wọn lẹ́nu. Ẹ̀yìn rẹ̀ rì sísàlẹ̀, Bàbá Eméterio tó mu omi kẹ́yìn ló mu ún. Kò sí olè nínú wọn. Ẹnu ni wọ́n fi ń bá wa tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e fún wa ní gbogbo ojúlé, àwa ni a kò gbà á.

Bọ́látitó gbé ọmọ jáde láti inú ilé wa sí gbàgede. Omi ìsun ni a kọ́kọ́ fi tọ́ ọ lẹ́nu, nítorí pé omi kò lọ́tàá. Oníbúrẹ́dì mú iyọ̀ wá. Àwọn sísítà mú oyin wá láti inú ọgbà wọn. Ó ku epo. Ìyá Kasílda gbé epo ólífì kalẹ̀ nínú àwo kékeré. Ìyá Elépo wò ó títí.

"Epo tí kò pupa," wọ́n wí, "ojú kọ́kọ́ ní kì í ṣe epo."

Wọ́n tọ́ ọ wò.

"Ẹnu ní epo ni."

Wọ́n fi kan ètè ọmọ, wọ́n sì pè é ní Ọládélé sétí. Ọmọ náà la ojú. Ẹni tó ń pe ológbò ní òpin gbàgede tún ní, "Ìwọ." Ọmọ kò yí orí. Ó pe "Ìwọ" lẹ́ẹ̀kan sí i, ológbò nìkan ló lọ. Bọ́látitó mí kanlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé funfun náà bá a rín in. Ìyá Elépo gbé ọmọ sókè:

Ọládélé, arìnnà-ẹnu-gbogbo-ìlú-délé,
ọmọ tí wọ́n pín mu tí kò dín,
ọmọ tí wọ́n kí tó gbọ́,
ọmọ tí ilé gbéra láti Ìmẹ̀sí wá wò.
Ìpè ajá kì í mú ọ lọ, ìpè ológbò kì í mú ọ lọ,
ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pè ni yóò máa rí ọ.

A ní àmín. Àwọn àkọ̀ fi ẹnu wọn lu ara wọn, kákákáká. Oòrùn rí i pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n kò wọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá jókòó láàrin àwọn àgbà, Ìyá Kasílda sì bu búrẹ́dì fún un.

A jẹun. Ibi tí a ti ń jẹun ni Bọ́látitó ti béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Délé nìkan kọ́ ni bàbá yìí sọ," ó wí. "Ó tún ní á wá. Ta ló ń bọ̀?"

A bi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Omi," ó wí, ó sì ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Àwọn igi ólífì tó wà nísàlẹ̀ òkè ló kọ́kọ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Eruku sọ lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà dìde, oòrùn dìde, Ìyá Elépo gbé ọmọ lé èjìká kí ó lè rí i.

Òkun ni. Òun nìkan ló ń rìn bọ̀, kò kánjú, ó ro ìró aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ àyà, ẹja ń sùn nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kí eruku má baà bà á jẹ́. Nígbà tó dé ẹnu odi, ó nu ẹsẹ̀, ó wọ bàtà, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó la ẹnu láti kí wa. Kò tíì kí wa tán tí gbogbo wa fi dáhùn.